Ẹ̀rọ milling wo ló yẹ wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé tí owó kò pọ̀?

Alágbẹ̀dẹ_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ milling, èyí tí kọ́tà rẹ̀ ń yí láti gé irin tí a dè mọ́ tábìlì. Álúmíníọ̀mù ni mo fẹ́ máa gé jù, pẹ̀lú irin rírọ̀ díẹ̀. Kò sí èyí tó gùn ju 150 mm lọ. Iná single-phase, ti ilé lásán, ni mo ní. Ṣé kí n ra mini mill X2, ẹ̀rọ milling kékeré kan, ni, àbí èyí tó ní opó róbótó? Tàbí kí n kàn de fáìsì (ohun tó ń di irin mú) mọ́ abẹ́ dírílì olópòó tó wà nílẹ̀?

Ojú_Ìwọ̀n
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti dírílì sílẹ̀. Agbára tó ń ti òkè wá ni bíárìn rẹ̀ wà fún, kì í ṣe èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Chuck rẹ̀, èyí tó di kọ́tà mú, kàn há sínú taper, ihò tó ń tín-ín-rín lọ sókè, ni, kò sí ohun tó fà á mọ́ òkè. Bí kọ́tà bá ti ń gbọ̀n, taper á tú, chuck á já bọ́ nígbà tó ṣì ń yí. Ewu gidi ni. Ẹ̀rọ milling ní drawbar, ọ̀pá onísíkúrúù tó gba inú spindle (ọ̀pá tó ń yí kọ́tà) kọjá láti di kọ́lẹ́ẹ̀tì, ohun tó gbá kọ́tà mú, mọ́ òkè.

Opó róbótó lágbára ju X2 lọ dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tú orí rẹ̀ láti gbé e sókè, á yí díẹ̀ lára opó, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àárín ihò tí ẹ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Opó onígun tó ní dovetail (ojú ọ̀nà onígun tí orí ẹ̀rọ ń gùn tààrà) kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyè bá gbà, òun ni kí ẹ rà.

Irin_Dídán
X2 tó irú iṣẹ́ yẹn, kìkì pé kí ẹ mọ ààlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé bóòtù ńlá kan ṣoṣo ló di opó mú nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ń fi gbogbo ẹnu kọ́tà 10 mm gé irin, ẹ má ju 0.5 mm lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyára rẹ̀ tó ìyípo 800 láàárín ìṣẹ́jú kan fún kọ́tà HSS, ìyẹn irin líle tó ń fara da ooru. Álúmíníọ̀mù lè gbà tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ wá oníbẹ́líìtì. Bí kọ́tà bá há, bẹ́líìtì á yọ̀, ṣùgbọ́n jíà oníke á ká léyín. Spindle tó ní taper irú R8 ni kí ẹ mú, torí irú MT3 máa ń há débi pé òòlù líle ni wọ́n fi ń yọ ọ́, bíárìn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má ná owó tán sórí ẹ̀rọ o! Fáìsì, kọ́lẹ́ẹ̀tì, ìdè tábìlì àti dial indicator tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré lè gbé owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá jẹ́ àlòkù ńkọ́?

Ojú_Ìwọ̀n
Ẹ gbé tábìlì sáàárín, ẹ mú gib rẹ̀ (irin pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo ojú ọ̀nà rẹ̀) le díẹ̀, kí ẹ wá yí i dé ìpẹ̀kun méjèèjì. Bó bá ń le sí i níbẹ̀, àárín ti jẹ nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kò sì rọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ síwá-sẹ́yìn kí ẹ wo iye tó yí kí tábìlì tó mira. Bó bá tó 0.5 mm, nọ́ọ̀tì tí síkúrúù tábìlì ń gbà kọjá ló ti jẹ. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ti irin sí apá tí eyín kọ́tà ń lọ, torí kọ́tà á fa tábìlì lójijì, á sì ṣẹ́. Mọ́tò three-phase, irú ti ilé iṣẹ́ ńlá, kò yẹ kó lé yín sá, VFD, àpótí iná kan tó bá agbára mọ́tò mu á yí iná ilé yín padà fún un.