Ìparíjọra: kí ló jọra gan-an?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí a máa pe "rime" àwọn Faransé, ìyẹn kí ìparí ìlà ewì máa dún bákan náà, ní *ìparíjọra*. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ kò sọ ohun tó jọra. Ìlú àti ìlù ńkọ́? Fáwẹ̀lì ìparí wọn bára mu, ohùn wọn kò bára mu. Akẹ́kọ̀ọ́ ewì Faransé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yóò ní wọ́n jọra. Onílù yóò ní rárá.

*Ìfìrójọra* tí àbúrò wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ dá lábàá tún lọ́jú pọ̀ jù. Fáwẹ̀lì, ìró ni. Kọ́ńsónáǹtì, ìró ni. Ohùn náà, ìró ni. Èwo là ń wí?

Ẹ wo ìlà méjì yìí:

Ó ń bọ̀ lọ́nà oko,
Ó ń bọ̀ lọ́nà odò.

Sílébù méje-méje ni. Ẹni tó ka mẹ́fà ti fo *ń*, bẹ́ẹ̀ sílébù ni òun náà, ó ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tó ka mẹ́jọ ti tú *lọ́nà* padà sí *ní ọ̀nà*. Bó ṣe jáde lẹ́nu la ń kà á. Ti Faransé yàtọ̀: nínú alexandrin, ìlà ewì onísílébù 12, tó ń dánu dúró lẹ́yìn ìkẹfà, *e* tí ẹnu ń gbé mì lójoojúmọ́ di kíkà bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀lé e, àfi ní ìparí ìlà.

*O* ló parí ìlà méjèèjì wa, ìyẹn kò tó nǹkan: fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 péré la ní, kò sì sí kọ́ńsónáǹtì tó ń parí sílébù wa. Ohun tó dùn ni ohùn tó já láti àárín sí ìsàlẹ̀. Gbé e sókè, odò di odó. Elégbè ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbé odó lọ síbi tí wọ́n ti ń pọnmi!

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ojú. *Itan* àti *ibọn* kò jọra lórí ìwé, ìró kan náà ló parí wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. *Oko* àti *ọkọ* ni wọ́n ń ṣì pọ̀ bí àmì abẹ́ bá já. Ɔ tí a ń kọ dípò ọ lọ́dọ̀ wa ní Benin níbí kò fàyè gba ìyẹn.

Lójú tèmi, kí *ríìmù* ("rime" yẹn) wà fún ewì Faransé, kí *ìparíjọra* jẹ́ ti fáwẹ̀lì nìkan. Fún ohùn, *ìfohùnjọra*: fi, ohùn, jọra, *i* inú *fi* la pa jẹ. Oko àti odò wá di *ìfohùnyàtọ̀*, èyí tí ewì wa ń lò jù. *Òṣùwọ̀n ewì* tí ẹ mú wá fún kíka sílébù ìlà, mo fara mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ń kọ wọ́n sínú àkójọ, ẹ fi itan àti ibọn sábẹ́ ìparíjọra àti ìfohùnjọra, ìlú àti ìlù sábẹ́ ìparíjọra àti ìfohùnyàtọ̀.