"Ìmumi ilẹ̀" kò tó: ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o.

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Kàbbà ní kí a máa pe bí omi òjò ṣe ń wọlẹ̀ lọ kún omi abẹ́lẹ̀ ní "ìmumi ilẹ̀". Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Nílé, à ń sọ pé ilẹ̀ mu omi, òótọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn kó pọ̀, ilẹ̀ amọ̀ ló sì ń tú u fó.

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìsánlú, àkọ́rọ̀ òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún, koríko á hù, síbẹ̀ ẹrẹ̀ ni ìyá mi á ṣì máa fà nínú kànga. Òjò á rọ̀ títí kí ó tó sọ pé "kànga ti sun". Níbo ni omi àkọ́kọ́ lọ? Amọ̀ dì í mú. Ègé amọ̀ kan kò tó 0.002 mílímítà, àlàfo àárín wọn kéré gan-an. Amọ̀ lè gba omi ju yanrìn lọ, kì í kàn tètè fi í sílẹ̀ ni. Gbòǹgbò á fa nínú rẹ̀, oòrùn á gba tirẹ̀. Ìgbà tó bá yó ni ìyókù á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ bá àpáta tó ti rà nísàlẹ̀, níbi tí kànga wa ti ń rí omi.

Ẹnìkan tún mú "ìsẹ́mi" wá. Ó bá yanrìn mu. Ṣùgbọ́n nínú amọ̀, omi púpọ̀ kì í gba asẹ́ kankan kọjá: ojú ibi tí ilẹ̀ ti sán, ihò ikán, ọ̀nà gbòǹgbò tó ti kú ló ń gbà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ àkùrọ̀ náà ń lanu lẹ́ẹ̀rùn. Tí òjò bá wá ń tẹ̀lé òjò, amọ̀ tó ń wú á pa ẹnu náà dé, omi á sì máa ṣàn lọ sódò.

Mo rò ó títí bóyá "ìsun" la ń wá. Kì í ṣe òun, nítorí bí omi ṣe ń jáde ni ìsun.

Nítorí náà, "ìmumi" fún ìpín tí ilẹ̀ fi sínú ara rẹ̀, "ìkúnpadà omi abẹ́lẹ̀" fún èyí tó dé ìsàlẹ̀. Mi ò mú "àtúnkún" fún èyí kejì, nítorí ó dà bíi pé ẹnìkan gbé korobá lọ da omi sí i.

Ẹ̀yin ará Ìjùmú àti Bùnú, kí ni àwọn ìyá yín ń sọ lọ́jọ́ tí kànga bá kọ́kọ́ ga sókè?