Overdrive àbí distortion, èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀yin bọ̀dá mi, gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, owó pẹ́dà kan ṣoṣo (àpótí kékeré tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà) ló wà lọ́wọ́ mi o.

Onígìtá Ìlọrin: Overdrive jàre. Tó o bá rọra ta okùn, ohùn á mọ́, tó o bá fagbára tà á, á wá máa há díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀fun oníwàásù, distortion ní tiẹ̀ ńṣe ló ń gé orí ìró gbáú, bó o ṣe wù kó o tà á bákan náà ló máa bú.

Ará Òró: Boss DS-1, pẹ́dà distortion, lèmi ń lò, ó ti wà láti 1978. Ọjọ́ tí mo yí i dópin, ìyá kwáyà wò mí bíi pé mo jalè 😂

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé. Bátìrì ń kọ́?

Onígìtá Ìlọrin: 9V. Yọ wáyà gìtá lára pẹ́dà tó o bá tà á tán o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì á kú mọ́jú.