Àsìkò wo ni orin metal dùn jù? Ẹ sọ bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀

Àkànní Leyton
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí gìtá aláriwo ti wọ̀ lára. A ò pọ̀, ṣùgbọ́n a wà. Ìgbà wo gan-an ni metal dùn jù, báwo ló sì ṣe bá yín? Èmi ò ní fepo bọyọ̀: 1980 sí 1986 ni. Ẹ wo ọdún 1980 nìkan. Ẹgbẹ́ olórin Judas Priest gbé àwo British Steel jáde, Motörhead gbé Ace of Spades, Iron Maiden gbé àwo wọn àkọ́kọ́. Ọdún kan ṣoṣo! Leyton ní London níbí ni Steve Harris ti dá Maiden sílẹ̀ lọ́dún 1975, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Bùrọ̀dá kan nílé kejì ló yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì The Number of the Beast ti Maiden, n kò sì tíì dá a padà.

ọmọ Aston
Bùrọ̀dá Àkànní, ẹ ti fo ọdún mẹ́wàá. Birmingham ni mo wà, n kò lè dákẹ́. Aston níbí ni ẹgbẹ́ Black Sabbath ti wá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, onígìtá wọn, nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì nílé iṣẹ́ irin. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ni ẹ̀rọ mú. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe ìbòrí sórí ìka, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá ó dẹ okùn náà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tẹ̀. Bí ohùn gìtá ṣe rẹlẹ̀ tó sì wúwo nìyẹn. Ẹ gbọ́ àwo wọn Master of Reality ti 1971. Gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ yẹn, ọmọ ìka méjì yẹn ni wọ́n.

Lóṣù Keje 2025 tí wọ́n gbé òkú Ozzy Osbourne, akọrin Black Sabbath, gba Broad Street, mo mú màmá mi dání. Màmá ò mọ orin rẹ̀ kankan, èrò ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ìyàwó olóògbé àtàwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá wá wo òdòdó, màmá bú sẹ́kún. Wọ́n ń sọ ṣáá pé, "Ọkùnrin yìí léèyàn o. Ó léèyàn."

Ṣadé K.
Màmá yẹn ti sọ mí di ẹlẹ́kún lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn
Ká fi ti ìka sílẹ̀ ná. Ìyà tó jẹ èèyàn kọ́ ló ń mú orin dùn. 1986 ni tèmi. Master of Puppets ti Metallica jáde lóṣù Kẹta, Reign in Blood ti Slayer jáde lóṣù Kẹwàá, àwo tí kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò síbi tí wọ́n ti sinmi. Ọdún yẹn náà ni bọ́ọ̀sì dojú dé ní Sweden tó pa Cliff Burton, onígìtá béèsì Metallica, ọmọ ọdún 24. Bí mo bá gbọ́ Orion nínú Master of Puppets, níbi tí gìtá béèsì rẹ̀ ti ń dá sọ̀rọ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé lókè òkun mú tíṣáàtì Iron Maiden bọ̀, èyí tó ní Eddie lára, òkú tó ń ṣẹyín. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kí n bọ́ ọ, wọ́n da kẹrosíìnì sí i níwájú gbogbo wa, wọ́n sì dáná sun ún. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ délé. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò gbọ́ ìlà kan rí nínú orin tí wọ́n ń gégùn-ún fún. Ẹ wo Black Sabbath náà: orin wọn After Forever wà nínú àwo tí ọmọ Aston dárúkọ yẹn. Ilé Kátólíìkì ni Geezer Butler tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn ti jáde, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ikú ló wà níbẹ̀.

Àjọkẹ́ Maryland
Kẹrosíìnì? Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn
Àǹtí mi, ẹ bi ìyá mi. Àwọn ló mú ìṣáná wá.

Lékan Onígìtá
Tèmi kì í ṣe pásítọ̀. Bàbá mi, Alhaji, jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ Slayer láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ló ṣẹ ọmọ yìí?" Wọ́n ní kí n bá wọn bẹ̀ ẹ́.

Ṣadé K.
Ẹ gbé Alhaji wá síbí kíá!

Àyàntúnjí
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sepultura? Belo Horizonte ní Brazil ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984. Nígbà tó di 1996, wọ́n gbé Roots jáde. Wọ́n lọ bá àwọn ará Xavante, ọmọ onílẹ̀ Brazil, lábúlé wọn, wọ́n gbohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n tún pe Carlinhos Brown láti Salvador wá lu ìlù. Ọmọ Bahia! Ẹ mọ irú ìlù tó wà níbẹ̀, ẹ sì mọ àwọn tó gbé e débẹ̀. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, mo ti ń lu dùndún kí n tó mọ̀wé kà. Nígbà tí orin Ratamahatta inú Roots wọ̀ mí létí, gìtá ń pe ìlù, ìlù sì ń dá a lóhùn. Nínú gbogbo 1980 yín yẹn, ìlù kàn ń sáré ni.

Àkànní Leyton
Ó ń sáré kẹ̀? Dave Lombardo ló lùlù nínú Reign in Blood, Havana ni wọ́n sì bí i sí. Roots dára, ṣùgbọ́n Arise ti 1991 ni ojúlówó metal tí Sepultura ṣe.

Àyàntúnjí
Havana! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń gbè mí lẹ́yìn nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn
Ọmọ ọwọ́ ni Lombardo nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí California. Ìlù wo ló gbọ́ ní Havana?

Àyàntúnjí
Ilé tó dàgbà sí ńkọ́? Ṣé àwọn òbí rẹ̀ fi etí wọn sílẹ̀ ní Kúbà ni?

Alàgbà Sùúrù
Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí Metallica tó wà, Èkó ti ní gìtá tó ń bú ramúramù. Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu. Ẹgbẹ́ BLO nìyẹn, 1973, àwo Chapter One. Mo fojú mi rí wọn.

Ṣadé K.
Rọ́ọ̀kì nìyẹn, bàbá, kì í ṣe metal.

Alàgbà Sùúrù
Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Àyà ẹni tó dúró níwájú gbohùngbohùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò béèrè orúkọ.

Àjọkẹ́ Maryland
Kò sẹ́ni tó máa gbèjà àsìkò tiwa yìí? Tosin Abasi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Washington nítòsí wa níbí, gìtá olókùn mẹ́jọ ló ń ta. Ẹ gbọ́ àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Animals as Leaders, 2009. Ọmọbìnrin mi ló fi hàn mí. Nígbà tó rí orúkọ náà ló sọ pé òun náà fẹ́ kọ́ gìtá, ó sì ti ń kọ́ ọ báyìí.

Lékan Onígìtá
Kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀, àǹtí. Alhaji á fẹ́ràn ẹ̀, kò sẹ́ni tá a máa bẹ̀.

ọmọ Aston
Àyàntúnjí, mo ti ń gbọ́ Roots láti àárọ̀. Ó dáa gan-an. Àmọ́ ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe dẹ okùn gìtá yẹn sílẹ̀? Ta ló kọ́ wọn?

Àyàntúnjí
Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀. Padà lọ gbọ́ ìlù ẹ̀.