Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó èésú mi fẹ́ wọlé, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ilé lọ́dún yìí?

Ìyá Ìrètí (Ọ̀jọ́ọ̀):

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ ètò ilé ni mo gbé wá. Tíṣà ni ọkọ mi, èmi ń ránṣọ. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa, àbúrò ọkọ mi kan tó ń lọ sí Pólì sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. A kì í febi sùn, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ bí owó ṣe ń wọlé náà ló ń jáde. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀ sí Dùgbẹ̀ ti fò sókè, mi ò rí oṣù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ṣẹ́ nǹkan kù.

Mo wá mú bírò, mo kọ ohun tí mo fẹ́ ká ṣe lọ́dún yìí. Ká máa ra oúnjẹ lápòlápò. Ká dín gáàsì kù. Kò sí aṣọ ẹbí kankan. Kò sí búrẹ́dì láàárọ̀ mọ́. Ká gbin ẹ̀fọ́ sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Ká tọ́jú owó ilẹ̀. Ó gùn débi pé nígbà tí ọkọ mi kà á, ó ní ṣé òfin ìlú ni mo ń ṣe.

Èésú tí èmi àtàwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi ń dá, èmi ni mo máa kó o níparí oṣù kìn-ín-ní yìí. Àǹtí ọkọ mi ní ká jọ ra àpò ìrẹsì, ká pín in. Ṣé ìrẹsì ni kí n fowó náà rà? Nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èwo lẹ̀yin máa fi ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé gbogbo ẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ọkùnrin sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Ìyá Ìbejì (Mọ́kọlá):

Ẹ kú ọdún, ìyá wa. Ẹ fi búrẹ́dì àwọn ọmọ sílẹ̀ ná. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ jáde kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí lẹ fẹ́ fún un? Ògì náà ń jẹ gáàsì.

Èmi tí mò ń ta mílíìkì àti ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí wa. Ẹni tó ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì kan lónìí, kan lọ́la, ó ń san ju ẹni tó ra rólù odindi lọ. Àfikún yẹn la ń jẹ. Torí náà, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé ojoojúmọ́ lẹ ń lò, ẹ ra rólù. Èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ tó o.

Ní ti owó ilẹ̀, tíṣà ni ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ fún kóòpù kí owó oṣù tó dọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má fi ti ilẹ̀ fún alájọ òòjọ́, nítorí owó ọjọ́ kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, tiwọn ni. Fún owó ìsọ̀, alájọ dáa. Fún ilẹ̀, rárá.

Alhaja Ẹlẹ́wà (Bódìjà):

Ẹ kú ọdún gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọjà fún ìyá yìí.

Ìrẹsì kọ́. Ìrẹsì àpò kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé àsìkò. Dọ́là àti ọ̀rọ̀ ẹnubodè ló ń tì í sókè tì í sódò, ìgbàkígbà tówó bá wà lẹ lè rà á. Ohun tó yẹ kówó èésú lọ sí ni ohun tó ní ìgbà tó ń pọ̀ àti ìgbà tó ń wọ́n.

Ẹ̀wà ni ti ìsinsìnyí. Láti oṣù kẹwàá lẹ̀wà tuntun ti ń bọ̀ láti òkè Ọya, ó sì ṣì pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹfà, oṣù keje, ẹ ó rí i bí owó kóńgò ṣe máa yí. Tòmátì àti tàtàṣé náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí tí wọ́n ń bomi rin ín lókè Ọya ni apẹ̀rẹ̀ ń rọ̀ lójú. Tójò bá ti dé tán, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ lọ ọ́, ẹ sè é kómi ẹ̀ gbẹ, ẹ fi epo dín in, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò. Èlùbọ́ ńkọ́? Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń sá iṣu ní Ṣakí àti káàkiri Òkè-Ògùn, ó máa pọ̀ láìpẹ́. Iṣu tútù gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tí tuntun bá dé lóṣù keje, oṣù kẹjọ.

Epo pupa, ẹ má dá a láṣà láti ra kẹ́ẹ̀gì ńlá lóṣù yìí. Oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún lẹyìn ń pọ̀ lóko, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ra lítà 25 kẹ́ ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn ò ní pa á. Àlùbọ́sà náà, ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀ títí tuntun fi máa jáde, ó kù díẹ̀. Àgbàdo ògì di ìgbà tí wọ́n bá kórè, oṣù kẹjọ, oṣù kẹsàn-án.

Ohun tó burú nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ ni pé ẹ ṣe é bí ẹni pé oṣù méjìlá dọ́gba. Wọn ò dọ́gba lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dá èésú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé yín sí oṣù kẹta, kẹ́ ẹ fi kó epo. Gbogbo ayé ló ń du nọ́ńbà àkọ́kọ́, wọ́n á kó o, wọn á wá máa wá ohun tí wọ́n máa fi rà.

Ó ku kinní kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa tìtorí ẹ̀ bú mi. Kí wọ́n tó wọn ẹ̀wà fún yín, ẹ gba kóńgò yẹn, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú, ọwọ́ yín á bá a níbi tó ti yọ sókè bí ìdí ìgò. Ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan ti lọ nìyẹn lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ kó o lérí títí tó fi ń dà nù lójú yín. Òkìtì orí ẹ̀ lẹ̀ ń wò, ìdí ni jìbìtì wà.

Bàbá Kẹ́mi (Olódó):

Alhaja, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń tà á náà.

Èmi ni mò ń dáná nílé wa torí Èkó nìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé. Ohun tó bá pọ̀ nílé, kì í pẹ́ tán. Nígbà tá a ra àpò gààrí, gbogbo wọn ló di ẹni tó ń mu gààrí: kí wọ́n tó lọ, nígbà tí wọ́n dé, nígbà tí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù. Àlejò tó bá rí àpò ńlá ní kíṣínì náà á ní ká bu díẹ̀ fún òun. Owó tá a rò pé a ṣẹ́ kù wá di ìtàn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé àpò lọ sí yàrá, ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wọn èyí tó tó ọ̀sẹ̀ kan sínú ike, tí màá gbé e sí kíṣínì. Tó bá tán lọ́jọ́bọ̀, ó tán nìyẹn, a wá nǹkan mìíràn jẹ. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń ṣọ́ ike. Ìyá Ìrètí, ẹ rántí pé ọmọ Pólì wà nílé yín o. Àwọn yẹn ń jẹun!

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó:

Mo fara mọ́ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀tápiápíà sí i. Májèlé ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán, NAFDAC ti kígbe ẹ̀ títí, lọ́dún 2019 ni wọ́n sì fòfin de ike kékeré apakòkòrò yẹn tí wọ́n ń tà káàkiri.

Ẹ sá ẹ̀wà náà sóòrùn kó gbẹ dáadáa, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ o, torí tó bá gbóná wọnú ike, á làágùn, á sì bu. Ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kó kún dé ẹnu, ẹ gbọ̀n ọ́ kó rìn, ẹ tún fi kún un, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ó máa ṣí ní gbogbo ìgbà. Ẹ lo kékeré mélòó kan, kí ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó ṣí òmíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù. Gáàsì tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dín kù, ibẹ̀ ló wà.

Lékan Oníná (Ṣángo):

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọdún. Gáàsì, gáàsì, kò sẹ́ni tó dárúkọ iná. Ìyá Ìrètí, aránṣọ ni yín, níbo lẹ ti ń lọ aṣọ oníbàárà?

Ìyá Ìrètí: Ilé ni o. Kò síná ní ìsọ̀ mi tó ṣeé gbára lé.

Lékan Oníná: Mo mọ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000, tó bá gbóná fún wákàtí kan láìdá, yúníìtì kan ló jẹ. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, 225 náírà ni wọ́n gbé yúníìtì kan sí lóṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ wá ka iye aṣọ tẹ́ ẹ ń lọ̀ lọ́sẹ̀. Owó iṣẹ́ lẹ̀ ń fi owó oúnjẹ san, mà. Ẹ fi í sínú owó ìránṣọ, kẹ́ ẹ sì kó aṣọ jọ kẹ́ ẹ lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn onídìrí àti aránṣọ, wọ́n á ní ilé ń jẹ owó àwọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń jẹ owó ilé.

Ìyá Ìrètí: Hẹn-ẹn. Mi ò rò ó síbẹ̀ rí.

Ìyá Àgbà Bẹẹrẹ:

Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ló mú mi dá sí i. O ní o ò ní ra aṣọ ẹbí kankan, àbúrò ọkọ rẹ sì ń gbéyàwó lọ́dún kan náà? Má dán an wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní tán lẹ́nu wọn títí ọmọ rẹ náà fi máa gbéyàwó. Ra ti ìwọ àti ọkọ rẹ. Kí àwọn ọmọ wọ èyí tí wọ́n bá ní tó bá àwọ̀ mu. Ti ọ̀rẹ́, ti ará ṣọ́ọ̀ṣì, ti ará àdúgbò, gèlè nìkan.

Ìwọ tó o tún jẹ́ aránṣọ, sọ fún ìyá ọkọ rẹ láti ìsinsìnyí pé ìwọ lo máa rán aṣọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ní retí owó ńlá lọ́wọ́ rẹ mọ́, wọ́n á sì máa fi ọ́ yangàn.

Ìyá Ìbejì (Mọ́kọlá): Màmá, gèlè nìkan kẹ̀? Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń pe gèlè aṣọ òkè ní Òjé.

Ìyá Àgbà Bẹẹrẹ: Ta ló ní kó o lọ ra tuntun? Èyí tó wà nínú àpótí rẹ láti ọjọ́ yìí, ta lo ń tọ́jú ẹ̀ dè?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó: Màmá ti parí ọ̀rọ̀.

Bàbá Kẹ́mi (Olódó):

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ inú garawa, kò sẹ́ni tó fèsì sí i. Tó bá jẹ́ pé omi lẹ̀ ń rà, ẹ má gbin nǹkan kan nínú ọyẹ́ yìí, omi á gbówó ju ẹ̀fọ́ lọ. Ẹ dúró dójò oṣù kẹrin. Ẹ fi gbúre ṣáájú, torí bẹ́ ẹ ṣe ń gé e ló ń hù. Tẹ̀tẹ̀ náà kì í pẹ́ rárá.

Ìyá Ìrètí:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. Ibi tí èmi àti ọkọ mi parí sí nìyí. Ẹ̀wà la máa ra níparí oṣù yìí, àti èlùbọ́ díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ti aṣọ ẹbí àbúrò wa, ká má baà tún yáwó nígbà tọ́jọ́ bá kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo ti pe ẹni tó máa kó èésú oṣù kẹta nínú èyí tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbà pé ká pààrọ̀. Áyọ́ọ̀nù ti wọ owó ìránṣọ láti ọ̀sẹ̀ yìí, oníbàárà kan ti bínú, ó sì padà wá. Garawa di oṣù kẹrin. Mo fagi lé búrẹ́dì tí mo kọ.

Ó ku ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àǹtí ọkọ mi pé mi ò ra ìrẹsì mọ́? Wọ́n ti bá oníìrẹsì sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà Bẹẹrẹ: Má sọ pé o ò rà mọ́. Lọ bá wọn nílé, má pè wọ́n lórí fóònù. Ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá ọ dá sí ẹ̀wà tó o fẹ́ rà, pé ojú tiwọn lọ́jà ju tìrẹ lọ. Àwọn fúnra wọn ló máa lọ nájà ẹ̀.

Alhaja Ẹlẹ́wà (Bódìjà): Ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Kóńgò mi ò nídìí lílù. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín dání, kẹ́ ẹ sì ti fọ̀ ọ́ kó gbẹ láti ilé.

Bàbá Kẹ́mi (Olódó): Epo oṣù kẹta ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ọn.

Ìyá Ìrètí: Mo ti kọ ọ́. Odindi kẹ́ẹ̀gì àbí ìdajì?

Bàbá Kẹ́mi (Olódó): Ìdajì. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ mi.