Àbọ̀ lórí káàdì gíráfíìkì RX 6500 XT tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù: mi ò rà á mọ́

Mo béèrè bóyá ó tọ́ kí n tìtorí ẹ̀dínwó yẹn ra káàdì náà fún bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mi, tó ń lo PCIe 3.0 (ẹ̀yà àtijọ́ ti ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín káàdì àti bọ́ọ̀dù). Ẹni tó ní kí n wá káàdì RX 6600 àlòkù ló jàre, ìyẹn ni mo sì rà. Ọ̀nà PCIe mẹ́rin (x4) péré ni 6500 XT ń lò, mẹ́mórì èyí tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù yẹn ò ju 4GB lọ. Tí mẹ́mórì bá ti kún lórí PCIe 3.0, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò tún ní encoder (apá káàdì tó ń sọ àwòrán di fídíò) fún ẹni tó bá fẹ́ gba géèmù rẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò! Ọ̀nà mẹ́jọ (x8) àti mẹ́mórì 8GB ni ti 6600. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ lé sí i ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n géèmù ń lọ geere ní 1080p.

Ìmọ̀ràn pé kí n pààrọ̀ thermal paste (lẹ́ẹ̀ tó ń gbé ooru kúrò lára ṣípù) 6600 náà mú ooru rẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ariwo fáànù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun.