Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà: ṣé òfin dátà wa lè mú un?

Ọmọ Ọjà Ṣábó, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo yá ₦40,000 lórí áàpù kan láti fi kún owó ọjà mi. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí n san án, wọ́n ti fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí ìyálọ́jà wa, àti sí ẹni tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù ní “Baba Ṣíkírù Jẹ́ẹ̀nì”, pé olè ni mí. Nínú àdéhùn wọn, wọ́n ní òkè òkun ni àwọn ti forúkọ sílẹ̀, òfin ibẹ̀ nìkan ló sì de àwọn. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Ẹ̀bùté:
Irọ́ ni. Abala 2 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà (dátà ni ìsọfúnni nípa ẹni, bí orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà fóònù) tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kan kò tilẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Nàìjíríà, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń lo dátà ẹni tó wà níbí, òfin náà kàn án. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lára àwọn tí òfin kà sí pàtàkì, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ tún wò ó: ẹ̀yin lè ti tẹ “mo gbà”, ṣùgbọ́n Baba Ṣíkírù kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn rárá. Òun náà lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà.

Télọ̀ Ẹ̀pẹ́:
Àwa náà kò yọ sílẹ̀ o. Mò ń rán aṣọ fún àwọn ará wa ní Jámánì, yúrò ni mo sì ń kọ sára ọjà. Oníbàárà kan ní kí n pa àdírẹ́sì òun àti ìwọ̀n àyà àti ìbàdí òun rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bú mi ni, kí ọmọ mi tó ṣàlàyé pé GDPR, òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 oṣù karùn-ún 2018, ń tọ ẹni tó bá ń tajà fún àwọn tó wà níbẹ̀ dé ìsọ̀ rẹ̀.

Lọ́yà Ẹ̀bùté:
Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni kí a rí nǹkan dì mú. Nígbà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù keje 2024, tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kò lè fọwọ́ rọ́ ọjà Nàìjíríà sẹ́yìn. Áàpù kékeré lè pa orúkọ dà lọ́la. Nítorí náà, ẹ wá ohun tí wọ́n ní nílẹ̀ yìí: báǹkì wo ni ẹ ń san owó náà sí?

Ọmọ Ọjà Ṣábó, Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun, sà. Orúkọ báǹkì náà wà lórí rísíìtì. Báǹkì tiwa níbí ni. Èmi àti Baba Ṣíkírù yóò jọ kọ ìwé ẹ̀sùn náà lọ́jọ́ Ajé.